Tírà kọ́ ló mú ọkọ̀ Alàgbà gbóná

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi rí. Mi ò tiẹ̀ mú un dénú àdúrà, bí ẹni pé Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pàdé ọkùnrin tí mo ṣẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún mi.

Ríwáyà ni mí, mò ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ní Moniya. Mi ò kàwé púpọ̀. Mo mọ wáyà iná, mo mọ wáyà họ́ọ̀nù. Èyí tí mi ò bá mọ̀, ẹnu ni mo fi ń bò ó.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Alàgbà ìjọ aládùúrà wa ra ọkọ̀ kan tí éèsì rẹ̀ ń dá ara rẹ̀ darí. Bí inú ọkọ̀ bá gbóná, á fẹ́ atẹ́gùn tútù. Bó bá tutù jù, á fẹ́ èyí tó gbóná. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù ló ń jẹ́ kó mọ bí inú ọkọ̀ ṣe rí. Lónìí ni mo mọ ìyẹn o. Nígbà yẹn, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Gàníyù, dẹ́rẹ́bà Alàgbà, ló gbé ọkọ̀ náà wá. Ọmọ Ìmàle ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Ìyànà Ọ̀fà.

“Bọ̀dá, ó máa ń ṣàdédé fẹ́ gbígbóná. Tá a bá kó sí gálọ́ọ̀pù, á tún dára. Ó jọ pé wáyà kan ló ń já tó tún ń so.”

“Ta ni ríwáyà nínú èmi àti ìwọ?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ni. Ẹ má bínú.”

Òótọ́ ló sọ. Ká ní mo kàn tẹ ojú ibi tí wáyà náà ti so mọ́ra wọlé dáadáa ni, ó ti parí. Ṣùgbọ́n gílóòbù tá a so wáyà mọ́ nìkan la fi ń dán gbogbo nǹkan wò nígbà yẹn: bó bá tàn, wáyà dára. Mo fi dán sẹ́ńsọ̀ náà wò, kò tàn; mi ò mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ kì í tan gílóòbù. Mo ní bóyá iná ò tó, mo bá fi wáyà bátìrì kàn án tààrà. Òórùn jíjó kan rọra jáde, sẹ́ńsọ̀ ti jó. Mo yára de dáṣíbọọ̀dù padà. Mò ń súfèé orin ìjọ.

Láti ọjọ́ náà, gbígbóná nìkan ni ọkọ̀ ń fẹ́. Alàgbà á dé ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun wọn á ti lẹ̀ mọ́ wọn lára.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, aríran wa ní òun rí ẹnì kan tó gbé ohun gbígbóná sínú ọkọ̀ náà. Wọ́n tú ọkọ̀. Wọ́n bá tírà kan tí wọ́n fi awọ rán, lábẹ́ ìjókòó Gàníyù. Ó ní bàbá òun ló fún òun, kó máa ṣọ́ òun lójú pópó.

Alàgbà pè mí jáde. “Ríwáyà, ìwọ lo tú ọkọ̀ yìí. Ṣé wáyà kankan bàjẹ́ níbẹ̀?”

Gàníyù ń wò mí. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn.”

Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún mi?

“Kò sí wáyà tó bàjẹ́ níbẹ̀, sà.”

Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bóyá wọn ò ní gbọ́. Wọ́n gbọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Gàníyù lójú gbogbo ìjọ. Kò sẹ́ni tó tún fún un lọ́kọ̀ wà ní Moniya mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i lọ́jà Ìyànà Ọ̀fà, ó ń ru àpò gbágùúdá. Mo fẹ́ sá. Ó ti rí mi. Ó fi mí jókòó, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi.

“Bọ̀dá, ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi lọ́jọ́ yẹn. Ọlọ́un á ṣàánú yín.”

Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun délé, òun ju tírà náà síwájú bàbá òun, òun ní bàbá òun ló ba ayé òun jẹ́. Kò wọ yàrá bàbá rẹ̀ mọ́. Inú ààwẹ̀ ni bàbá náà kú, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

“Ṣùgbọ́n mo ti forí ji bàbá mi,” ló wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mi ò ní purọ́ fún yín, mò ń bẹ̀rù kó má lọ lù mí, nítorí apá ẹni tó ń ru gbágùúdá le. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí mo bá sọ òtítọ́, á mọ̀ pé bàbá òun ò ṣẹ òun rárá, ọwọ́ ò sì lè tẹ bàbá náà mọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni bàbá ọlọ́bàbá yóò máa jẹ́ títí láé nítorí mi.

Ó ní kí n wá kí òun lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, òun fẹ́ fi sàréè bàbá òun hàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá dúró níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kí ni kí n wí?