Àgbàdo Tí Mo Sá Sórí Bàbá Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Halelúyà! Mo mọ̀ pé ẹ̀rí ayọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Ayọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ìtìjú ló máa kọ́kọ́ jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Pásítọ̀ ti ń ní kí n wá dúró síbí, mò ń sọ pé ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀fun ò dùn mí o. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ mọ ilé wa ní Kabong, ilé onígéètì aláwọ̀ ewé. Àwọn kan nínú yín jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Inú ọgbà yẹn náà la sin wọ́n sí, lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, àwa ọmọ pinnu pé ká ta ilé fi sanwó rẹ̀. Ìyá mi gbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún mi lórí fóònù: "Àdùkẹ́, ẹ ta ilé, ẹ má ta bàbá yín mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, sọ fún un pé ọkọ mi ń sùn níbẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án." Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹni mẹ́ta wá wo ilé. Bí wọ́n bá ti rí sàréè báyìí, wọ́n á yí padà. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Haba, Madam! Ṣé èmi àti òkú ni ká jọ máa gbé?" Inú bí mi gan-an. Ojú ìyá mi ń lọ, àwọn wọ̀nyí ń bẹ̀rù sìmẹ́ńtì!

Bàbá Délé ló jókòó sí ìlà kẹta yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé dillali ni wọ́n, àwọn ló ń bá àwọn èèyàn ta ilé ní gbogbo àdúgbò yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn bá wa wá ẹni tó máa rà á. Mo sá fún wọn. Mò ń sọ káàkiri pé mi ò ní san kọmíṣọ̀n fún ẹnikẹ́ni, pé ayé ti di ayé fóònù. Irọ́ ni! Bàbá Délé ló po sìmẹ́ńtì tí a fi bo bàbá mi, wọn ò sì ní fi sàréè pa mọ́ fún ẹni tó ń ra ilé láéláé. Ìdí tí mo fi sá fún wọn nìyẹn.

Mo bá gbé ilé sí onláìnì fúnra mi. Kí n tó ya fọ́tò, mo tẹ́ tàpólì sórí sàréè, mo da àgbàdo lé e bí ẹni tó ń sá a sóòrùn, mo gbé ike omi sórí ibi tí a kọ orúkọ bàbá mi sí. Fọ́tò náà mà dára o! Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Sọ́ńdè Sùkúù pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bàbá wọn.

Ọkùnrin kan pè láti Gyel, Ọ̀gbẹ́ni Pam. Òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó, tó ń pè ní Kaka, ni wọ́n jọ wá. Wọ́n fẹ́ràn ilé. Ó rẹ Kaka, wọ́n lọ jókòó sí etí tàpólì, wọ́n ń fọwọ́ ro àgbàdo. Pam wá bi mí pé kí ló wà lábẹ́ ibẹ̀ tó ga díẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí. Mo ní, "Ṣálángá àtijọ́ ni. A ti dí i pa."

Bàbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sí ilé ìwé! Mo pè wọ́n ní ṣálángá.

Kaka wò mí, wọ́n wo àgbàdo ọwọ́ wọn. Pam ní kò burú, òun máa ní kí àwọn lébìrà fọ́ ọ, kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i, ibẹ̀ ni ìgbọ̀nsẹ̀ ilé náà yóò máa ṣàn sí. Ọjọ́ Sátidé la máa fọwọ́ síwèé, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbẹ́lẹ̀.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tí mò ń gbà: kí Ọlọ́run yí Pam lọ́kàn padà, kó lọ ra ilé ní Rayfield! Mo fẹ́ kí Ọlọ́run bá mi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òjò ṣú, mo sáré lọ kó àgbàdo, mo gbé ike kúrò, ni mo bá rí orúkọ bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Mo ní, "Olúwa, ẹ fi Pam sílẹ̀. Èmi ni kí ẹ yí padà."

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti pè é. Mo ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe ṣálángá. Bàbá mi ni."

Ó wá ní, "Madam, Kaka ti sọ fún mi nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn."

Kai! Kaka gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi Hausa sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ta ló ń sá àgbàdo tí yóò jẹ sórí ṣálángá? Ọkọ tèmi náà wà nínú ọgbà wa. À ń dúró dè ọ́ ni. Bí o bá dé lọ́jọ́ Sátidé láìsọ ọ́, a ò ní ra ilé lọ́wọ́ ẹni tó lè ta bàbá rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, wọ́n ra ilé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò ní gbẹ́ ibẹ̀ láéláé, wọ́n sì fi géètì kékeré sílẹ̀ fún wa tí a ó máa gbà wọlé síbi sàréè. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi, wọ́n ti ń ríran. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n wá ní, "Bàbá yín ò kúkú kọ àgbàdo rí."

Bàbá Délé, òní lẹ ń gbọ́ èyí. Mo kúnlẹ̀ fún yín níwájú gbogbo ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá mi yọ̀, ẹ fi ògo fún Ọlọ́run. Orúkọ bàbá mi ni Joel Àkànní. Inú ọgbà ní Kabong ni wọ́n ń sùn, Ọlọ́run ò jẹ́ kí n tà wọ́n. Halelúyà!