Ẹni Tó Ṣì Í Kọ Ni Yóò Nù Ún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ lọ kọ ìdánwò Fọ́dà Máàsì, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ẹ wo ohun tí Olúwafimíhàn, olùkọ́ yín, kọ sójú pátákó yẹn: MÚYÌWÁ ṢÌ Í, Ó SÌ GBÀ. Ó ní, "Bọ̀dá Múyìwá yín tó di ẹ̀ńjíníà yìí, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò wa, mo sọ fún un pé ó ṣì í. Kò gbéraga, ó gbà. Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe àwòkọ́ṣe." Wọ́n ní ọdọọdún ló ń sọ ọ́. Háà! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà pé lónìí, nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi yìí, ní Abúlé Òkúta. Èmi Múyìwá tí mo wọ kóòtù wá gba àpọ́nlé, mi ò lè gba ìyìn yẹn.

Mẹ́rin la jẹ́ nígbà yẹn: èmi, Fimíhàn, Japhet tó ti rìnrìn àjò, àti Ìbíyẹmí tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn. Ìbíyẹmí, jọ̀ọ́ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò sí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní Fọ́dà Máàsì nílé ìwé wa, ìwé kan ṣoṣo la ní. Fimíhàn mú bíléèdì, ó gé ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìbíyẹmí figbe ta, "Ìwọ ọmọ yìí, o ya ìwé!" Fimíhàn ní, "Mi ò ya á, mo pín in ni. Apá tó bá kàn ẹ́, ìwọ lo máa kọ́ wa. Tó o bá ti kọ́ wa, a máa gbà ẹ́ gbọ́." Ilẹ̀kùn àlòkù kan nílé wọn létí omi ló gbé wá, ó fi dúdú inú bátìrì kùn ún, ó di pátákó. Ó sì ṣòfin kan: ẹni tó bá ṣì í kọ ò gbọdọ̀ lo dọ́sítà. Àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi nù ún lójú gbogbo wa, kó tó tún un kọ. Ọjọ́ tó bá kan Japhet, a ó máa sín in jẹ títí dé títì: "Ọlọ́wọ́ ẹfun! Ọlọ́wọ́ ẹfun!" Òun náà á máa fi ọwọ́ funfun yẹn lé wa ká.

Kí n má parọ́, mi ò tíì rí irú Fimíhàn láti ìgbà yẹn. Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, ìyá ẹ̀ ń yan ẹja létí omi ní Bàrígà, òun náà ń bá a yan án kó tó wá sọ́dọ̀ wa, tòórùn-tòórùn ló ń bọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn fojú di òun. Nígbà tí Japhet ń sunkún pé fẹ́kítọ̀ ò yé òun, Fimíhàn ní, "Atẹ́gùn ń ti ọkọ̀ ojú omi sápá ibí, ìwọ ń wà á sápá ọ̀hún. Ibo ló máa forí lé?" Japhet nu ojú, ó ya á láìṣì. Ohun tó bá mọ̀ kì í gbé nínú ẹ̀, àfi kó sáré wá sọ ọ́ fún wa. Ẹ tún gbọ́ èyí: èmi ni mò ń ṣe ipò kìíní kó tó dé. Ó dé, mo di onípò kejì. Ìlara wọ̀ mí lára bí ibà, mo sì ń bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ẹ̀ńjíníà kan wá kéde pé àwọn máa ṣèdánwò fún àwọn ọmọ àdúgbò wa. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú, wọ́n á sì rán an ní yunifásítì títí tó fi máa jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé Fimíhàn ni. Àmọ́ ìyá ìyá ẹ̀ kú lápá etí òkun, wọ́n lọ sìnkú, a sì kọ́ apá tèmi nínú ìwé nígbà tí kò sí nílé. Apá tèmi ni bí a ṣe ń ka iye ọ̀nà tí a lè gbà to èèyàn. Bàbá Atò ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tó dé, ó ní kí n kọ́ òun. Mo ní bí èèyàn márùn-ún bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀nà ọgọ́fà ni a lè gbà tò wọ́n. Òótọ́ nìyẹn. Mo ní bí wọ́n bá jókòó yí tábìlì róbótó ká, ọgọ́fà náà ni. Irọ́ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mẹ́rìnlélógún ni, mo sì mọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Ta ló ni apá yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ni, Bàbá Atò." Ó sì gbà mí gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo ń múra nílé wa ní Pedro, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí lójúde. Fimíhàn ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, èédú ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Múyìwá! Ọlọ́run ṣeun o ò tíì lọ. Ti tábìlì róbótó yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ o! Má lọ kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á yọ máàkì ẹ." Ó ní òun ń to ẹja sórí irin róbótó tí wọ́n fi ń yan án, òun yí irin náà kí èéfín lè kárí, òun wá rí i pé bí òun ṣe yí i tó, ẹja kan náà ló ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja kan náà. Kò sí ti iwájú, kò sí ti ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èédú ya òbírí sí sìmẹ́ńtì wa, ó ṣe é délẹ̀, ó já sí mẹ́rìnlélógún. Kò wá sí i lọ́kàn pé mo tàn án. Ó rò pé mo ṣì í ni, àánú mi ń ṣe é! Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ mo wo aago, mo rí i pé àkókò ti ń lọ, mo ní, "Kò tíì yé mi o, tún un ṣe." Ọmọ burúkú ni mí. Ó tún un ṣe, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń kọ́ àbúrò ẹ̀.

Ìgbà tó dìde ló rántí pé káàdì tí wọ́n máa fi gbà á wọlé wà nílé wọn. Ó ní, "Máa lọ, mo ń bọ̀ lẹ́yìn." Ó bẹ́ sáré. Bọ̀dá Àyúbà, àbúrò ìyá mi tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gbé mi, ní, "Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Àyè wà, ẹ jẹ́ ká gbé e délé ẹ̀." Mo ní, "Wọ́n ti ń dúró dè é níwájú, ẹ jẹ́ ká máa lọ." A dé gbọ̀ngàn ní Obánikòró. Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè tó ń mójú tó ìdánwò náà fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Abúlé Òkúta, ṣé ó ku ẹnì kan? Mo lè fún un níṣẹ́jú díẹ̀." Ìbíyẹmí àti Japhet jókòó lẹ́yìn, wọn ò gbọ́. Èmi ni mo wà níwájú. Mo ní, "Kò kù, sà." Ẹ ṣáà gbọ́: kò kù, sà! Ilẹ̀kùn padé. Nígbà tó yá, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kànkùn, mo gbọ́ ohùn Fimíhàn tó ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un. Mo dorí kodò, mo ń kọ̀wé lọ.

Èmi ni wọ́n mú. Fimíhàn gbé ẹja gbígbẹ wá kí ìyá mi, ó ní, "Ọ̀kan nínú wa wọlé, gbogbo wa la wọlé." Ọdún tí mo fi ń kàwé, òun ń yan ẹja, ó pẹ́ kó tó rí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló sì ń wá síbí wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Fimíhàn, má wolẹ̀. Èmi ló yẹ kójú tì. Mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí. Bó bá sì máa pẹ́ kó o tó lè ṣe é, mo máa dúró.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹni tó bá gbà yín gbọ́ ti fi ọ̀la ẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ má fi ṣe é níbi. Fimíhàn, gbé dọ́sítà yẹn kalẹ̀. Ọwọ́ ẹ ló kọ ọ́, àmọ́ èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà. Ẹ yà fún mi, ẹ jẹ́ kí n fi àtẹ́lẹwọ́ mi nù ún. Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì. Ẹ bá mi kà á sókè: MÚYÌWÁ Ò ṢÌ Í. Ó MỌ̀ Ọ́N.