Ohùn Màmá Mi Wà Nílé

Ẹ pariwo Halelúyà! Ẹ tún un pa! Ẹnu mi ò gba ọpẹ́ mi. Ọlọ́run tó nu omijé mi nù, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí!

Ẹ̀yin ará, kí màmá mi tó re ọ̀run ní Iléṣà, wọ́n fi ohùn ara wọn gba àdúrà ìgbéyàwó sílẹ̀ lórí fóònù mi fún Fọlákẹ́, àkọ́bí mi. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ò ní lè dé ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, àwọn olè já fóònù ọ̀hún gbà lọ́wọ́ mi nídìí robot, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, ní Yeoville ní Joburg níbí. Mo ní kò burú, mo ti gbé àdúrà náà sínú kọ̀ǹpútà mi tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹn ti darúgbó. Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ̀wé, ní òun á fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, èyí tó fúyẹ́ jù, kó lè yára. Ó kó ẹrù mi inú rẹ̀ jáde, ó kó o padà. Ó sì yára lóòótọ́! Àmọ́ nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ àdúrà Màmá, mo ṣí ibi tí mo ti ń gbọ́ orin, ó ní kò sí fódà Music. Mo wá Documents, kò sí. Pictures, kò sí. Jésù!

Mo pe Akọ̀wé ní Rosettenville. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Gbogbo ẹrù yín wà nílé. Mò ń bọ̀."

Nílé kẹ̀! Àwa tá a wà ní Joburg, tí wọ́n bá ní ilé, ibo la máa ń rò? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà, mo ní kí wọ́n tú yàrá Màmá wò. Wọ́n tú u, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, aṣọ ni mo rí o. Ta ló sọ fún ẹ pé ohùn ń gbé inú àpótí?" Mo bú sẹ́kún.

Akọ̀wé dé, ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Eish! Ilé inú kọ̀ǹpútà ni mo wí! Home ni wọ́n ń pè é. Linux tó fúyẹ́ yìí kọ́lé, kò pín yàrá. Pálọ̀ ni mo da gbogbo ẹrù yín sí."

Ó fi ètò kan tó ń pín yàrá, tó ń jẹ́ xdg-user-dirs, kún un, ó tẹ xdg-user-dirs-update. Music yọ! Documents yọ! Pictures yọ! Ògo! Ó ní yàrá òfìfo ṣì ni o, ká kó ẹrù wọlé. Ó gbé ohùn Màmá sínú Music, ó tẹ̀ ẹ́.

"Fọlákẹ́, ọmọ ọmọ mi, kúnlẹ̀ kí n súre fún ẹ."

Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn! Ó sáré jáde láti kíṣìnnì, ó kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. "Àmín, Màmá Àgbà. Àmín, mà."

Ẹ ṣé o, Baba! Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá! Ìwọ tí ò ń wá nǹkan, tó o ti ń ka ara ẹ sí ẹni òfò, má tíì sunkún, béèrè dáadáa ná. Ọlọ́run tó ṣe tèmi á ṣe tìẹ. Gbogbo yín ni mo pè o: lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí pásítọ̀ wa tó súre fún ìyàwó, ìyá mi ló máa kọ́kọ́ súre.