Ta Ló Ń Pè É Ní Àlàó?

Nínú kòròpe tó ń ti Òkukù bọ̀ wá sí Ìkìrun, gbogbo èrò ni mo mọ̀ lórúkọ, àfi ìyá kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó gbé ọmọ ọdún kan lẹ́sẹ̀.

"Àjàní!" Ìyá náà pe ọmọ, ọmọ ò wò ó. "Àjàní ni mo sọ ọ́ níjọ́ ìkómọ. Àmọ́ nígbà tí awakọ̀ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àlàó ní Ìníṣà, ṣe ló yíjú, tó ń pàtẹ́wọ́. Ta ló ń pè é ní Àlàó?"

"Ìyá tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni, Màmá."

"Àbí bàbá kan?"

"Háà! Ìyá arúgbó ni. Àlàó lọmọ wọn tó kú ń jẹ́. Tí wọ́n bá ń fún un lẹ́kọ, Àlàó. Tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, Àlàó."

"Ọmọdé kì í gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń pè é ti pè é títí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti pè é látìgbà ìkómọ?"

Ọ̀rọ̀ ìyá náà ń yí lọ́kàn mi: Ẹni tó ń pè é ti pè é títí. Èmi náà ní orúkọ kan nílé tí n ò rí ẹni tó ń fi pè mí mọ́.

"Màá wá fojú ara mi rí ìyá arúgbó yẹn," ni ìyá náà wí. Ó gba ọmọ sórí ẹsẹ̀. "Àjàní. Àjàní. Àjàní o."

Nígbà tí mo fi máa sọ̀ ní Ìkìrun, ó ṣì ń pè é, ọmọ náà sì ti ń wo ẹnu rẹ̀.