Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ fún Ìyá Olómi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo parọ́ mọ́ òkú. Mo fún ìyá kan tó ti kú kí wọ́n tó bí mi ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, orúkọ náà sì ni ààfáà fi ń ṣàdúà fún wọn lọ́dọọdún nílé wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri nínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, ara sì tù mí débi pé oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu mi. Èyí tó kù ni mo gbé wá síwájú yín.

Ilé ẹbí ni wọ́n ti bí mi, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngánrán, ààfin Ọba Èkó. Bàbá tó kọ́ ilé náà, àwọn ló bí bàbá bàbá mi, ìyàwó mẹ́rin ni wọ́n sì fẹ́. Bí a bá ń ṣàdúà ọdọọdún, ààfáà á dárúkọ àwọn ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìyá kẹrin kò ní orúkọ. Ìyá Olómi ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, torí omi ni wọ́n ń tà nígbà tí ẹ̀rọ omi kò tíì wọ agboolé. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá. Ìyálé kì í pe ìyàwó kékeré lórúkọ, "ìyàwó" ló ń pè é, ọmọ kì í sì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí àwọn tó mọ orúkọ náà kú tán, ó bá wọn lọ.

Èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ẹbí. Nígbà tí àwọn àgbà ní kí a kó orúkọ gbogbo wa jọ, òkú àti alààyè, èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ ilé ẹbí ti gbó. Kò lè gbé àwòrán kankan, ojú dúdú lásán ni, tí lẹ́tà funfun ń hàn lórí rẹ̀. Mo kọ ètò kan sí i tó ń béèrè nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré á wà níwájú ìbéèrè, èèyàn á sì tẹ ìdáhùn sínú rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí màbo. Ẹ mọ àwa ará Èkó, a kì í fi oyè ṣeré. Níbi tí mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ, Alhaji ni wọ́n ń kọ, Alhaja, Bàbá, Ìyá, Olóyè. Kí n tó mọ̀, àwọn tó ń jẹ́ Alhaji lásán, láìní orúkọ mìíràn, ti kún inú kọ̀ǹpútà. Inú bí mi. Mo nu gbogbo rẹ̀, mo sì fi mẹ́gáàdì sí ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ìlànà kan tó ń yẹ ohun tí èèyàn bá tẹ̀ wò kó tó gbà á wọlé. Bí o bá fi oyè bẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ́ kí o kọjá. Lẹ́tà pupa á jáde: Ẹ kọ orúkọ gidi.

Bàbá Wàhábì, olórí ẹbí wa, ni wọ́n kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́. Wọ́n tẹ Alhaji títí, ó kọ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀rọ ẹ yìí ò mọ àgbà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ń fọ́nnu káàkiri ilé pé kò sí ẹni tó lè yẹ mẹ́gáàdì mi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Sìkírá jókòó. Ọmọ-ọmọ Ìyá Olómi ni wọ́n, òwú àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà ní Ìdúmàgbò, ọwọ́ wọn ni mo sì ti jẹun dàgbà. Ìka kan ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Ìyá Olómi. Lẹ́tà pupa jáde. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Ó ní ti ìyá àgbà mi kì í ṣe orúkọ gidi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tí ìwà burúkú mi wà. Ìlà kan péré ni ǹ bá nù, mẹ́gáàdì ì bá yà lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i fún Àǹtí, Bàbá Wàhábì á ní kí n ṣí i fún Alhaji tiwọn náà, ẹnu tí mo fi fọ́nnu á wọlẹ̀. Mo ní kí Àǹtí máa lọ sí ọjà, pé màá wádìí. Bí wọ́n ṣe jáde, mo tẹ orúkọ ọmọ kan tá a jọ lọ ilé kéú: Sàfúrátù. Ẹ̀rọ gbà á lójú ẹsẹ̀. Mẹ́gáàdì tó lé òótọ́ padà ló ṣílẹ̀kùn fún irọ́.

Mo rò pé màá tún un ṣe. Àmọ́ nígbà tí Àǹtí béèrè, ẹnu mi yá jù mí lọ, mo ní mo rí i nínú ìwé àtijọ́ kan. Ká ní ẹ rí wọn. Wọ́n forí kanlẹ̀ lórí ẹní pálọ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á padà?

Nígbà àdúà ọdún yẹn, ààfáà ka àwọn orúkọ tí mo kó jọ, wọ́n pe Sàfúrátù, àmín Àǹtí sì borí ti gbogbo wa. Kò pẹ́, ọmọ wọn obìnrin bímọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní Sàfúrátù. Mo jẹ nínú ẹran ìsọmọlórúkọ náà. Ojú tì mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọmọ náà ti parí Kùránì báyìí, wòlímọ̀ rẹ̀ ti dé tán. Àǹtí wá bá mi. "Ìwọ lo máa dìde sọ ìtàn orúkọ ọmọ yìí. Ìwọ ṣáà lo bá wa wá a rí." Mo mọ̀ pé ó ti dé góńgó. Mo lè purọ́ fún àgbàlagbà, àmọ́ n kò lè dúró níwájú ọmọ tó gbé Kùránì dání kí n tún parọ́ náà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo kúnlẹ̀ sáàárín òwú, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Àǹtí gbé òwú tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Gbogbo àdúà yẹn, ta ló wá ń gbà á?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Torí pé wọ́n ń jẹ́ Ìyá ni ẹ̀rọ ẹ ṣe lé wọn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn, kí omi tó dà lójú wọn. "Ó dùn mí o, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n dìde. Ọlọ́run ò lo kọ̀ǹpútà. Ó mọ ẹni tí mò ń pè. Ó yá, ká lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn."

A jọ lọ. Mo nu ìlà mẹ́gáàdì yẹn kúrò, mo sì pa Sàfúrátù rẹ́. Àǹtí tún fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: Ìyá Olómi. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ni àyà mi ti fúyẹ́. Bàbá Wàhábì náà ti padà di Alhaji nínú rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ béèrè ìdí.

Àǹtí ní kí Sàfúrátù máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ, torí ọmọ náà ló ń jẹ́ ẹ báyìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní dandan ni kí n sọ ìtàn náà ní wòlímọ̀, èyí tó jẹ́ òótọ́. Ìyá ọmọ náà kò tíì gbọ́, ààfáà kò tíì gbọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ìyá ọmọ nílé ni, àbí kí gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà? Màá sọ ọ́, ìyẹn ti dájú. Kí ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Olómi. N kò mọ orúkọ wọn, n kò sì ní fún wọn ní òmíràn mọ́.