Ẹ̀yin Lẹ Pè Mí Lójú Omi

Bàbá Roheem, mi ò tíì kí yín, mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi ná kí n tó kúnlẹ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ pè mí! Ẹ̀yin lẹ pè mí lójú omi dáàmù lánàá, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ẹ wá fà mí jáde bí ẹja àrọ̀ níwájú gbogbo ayé, ẹ sì tún wá ń sọ kiri pé ẹ ò pè mí. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àbí kí la gbọ́? Ẹ kàn sọ pé ẹ̀yin ni, ọ̀rọ̀ bùṣe, màá kí yín, màá lọ.

Rárá o, ẹ má dìde. Ẹ máa tún àwọ̀n yín ṣe lọ, ṣebí ọwọ́ lẹ fi ń tún un ṣe, kì í ṣe etí. Aṣọ rọ́bà tí mo fi wẹ̀ náà rèé, mo gbé e wá kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ wo síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ya dé ìdajì. Ọwọ́ yín ni! Kóòṣì Ayọ̀mikún tó yá mi láṣọ náà ń bọ̀ wá gbà á lọ́sàn-án òní, kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní bàbá ọlọ́kọ̀ ló rò pé mo ń kú?

Mo ń kú kẹ̀! Ta ló ń kú? Mo ń wẹ̀ ni! Èmi ni mo kẹ́yìn nínú ìdíje náà, bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo wọn ti wẹ̀ jáde, wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ sọ́nà Lálùpọn, àmọ́ èmi náà ń lọ. Kẹ́ẹ̀gì pupa tí wọ́n so mọ́ okùn fún àmì, mo ti ń rí i, bóyá kí n ju apá lógún ìgbà sí i, kí n yí i ká, kí n forí lé èbúté. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín ò ju kẹ́ ẹ máa fọkọ̀ tẹ̀lé ẹni tó bá kẹ́yìn. Ẹ sì mọ òfin wọn, ẹni tí wọ́n bá ti gbé sínú ọkọ̀, ó parí fún un nìyẹn. Àwọn ọmọ iléèwé mi tò sétí omi, wọ́n ń ké pé Àǹtí wa ti rì, Àǹtí wa ti rì. Kí n tó bọ́ aṣọ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti dé Ẹgbẹ́dá. Ìyá mi pè mí lórí fóònù, ó kàn ń mí. Mo ní Màámi, èmi ni, mo wà láyé. Ó ń mí ṣáá ni. Ẹ rí nǹkan tẹ́ ẹ fà?

Ẹ tiẹ̀ rò pé fàájì ló gbé mi dé inú aṣọ yìí? Èmi tí Pásítọ̀ dì mú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ mí bọmi, tí gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi ń wo bí mo ṣe ń ta àwọn díákónì nípàá? Èmi tí mo ń fi abọ́ bu omi wẹ̀, tí mi ò jẹ́ jókòó sínú bàfù láéláé? Kifayah ọmọ yín ló bá mi wọ̀ ọ́ lánàá, ẹ bi í. A ki ẹsẹ̀ mi bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì kó lè yọ̀ wọlé. Ó ti ní kí n gé èékánná mi kanlẹ̀ láti ilé kó má baà dá rọ́bà lu. Ó ń fà á gòkè díẹ̀díẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, ìbàdí, ó ní bí kò bá jókòó dáadáa léjìká, apá mi ò ní ṣe é jù. Ìgbà tó fa síìpù dé òkè, ọrùn mi fún pin. Mo ní Kifayah, mi ò lè mí. Ó ní Àǹtí, bẹ́ ẹ bá dénú omi, ẹ fa ọrùn rẹ̀ kí omi díẹ̀ wọlé, á gbà yín láyè. Òótọ́ ló sọ. Omi tutù nini wọ̀ mí láyà, ó wá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, ara mi sì fúyẹ́. Ẹ gbọ́, Bàbá, ara mi fúyẹ́! Láti kékeré, ara mi ò fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi forúkọ sílẹ̀. Kóòṣì kó àwa alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ, ó na aṣọ yìí sókè, ó ní àwọn tó ti mọ odò wẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ nílẹ̀ wa nítorí ooru, àmọ́ nínú ọyẹ́ báyìí tómi tutù, àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni yóò máa gbé léfòó. Ó ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò lè rì. Kò lè rì! Omi bọ́ lójú mi níjókòó. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ni. Mi ò lè sọ fún wọn pé Bọ̀ọ̀dá mi Wándé ni mò ń rò, pé irú aṣọ báyìí wà láyé, ṣòkòtò káàkí iléèwé ló sì wọ̀ tómi fi gbé e lọ.

Ẹ gbójú sókè báyìí. Mo mọ̀ pẹ́ ẹ ò gbàgbé Wándé. Ẹ̀yin lẹ gbé e jáde.

Ṣebí ẹ̀yin náà ni! Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ̀yin lẹ pè mí. Nítorí ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe Tíṣà tẹ́ ẹ máa ń pè mí. Mo gbọ́ Tíṣà yín náà, ìyẹn dé lẹ́yìn, òkè ló ti wá, láti inú ọkọ̀, pẹ̀lú ariwo àjẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni Àwẹ̀ró. Oríkì mi! Ta ló mọ̀ ọ́n? Títíladé ni Kóòṣì kọ sára fìlà tí mo dé. Àǹtí làwọn ọmọ iléèwé ń pè mí. Ìyá àgbà tó fún mi ti kú, ìyá tó bí mi kì í jẹ́ kó dẹ́nu òun mọ́. Nínú àwọn tó wà lójú omi lánàá, ó wá ku ẹ̀yin. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí Ìyá àgbà ń yí nínú ẹrẹ̀, tó ń bi mí pé Àwẹ̀ró, níbo lo fi ẹ̀gbọ́n rẹ sí, Àwẹ̀ró, níbo lo fi í sí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ. Ẹ wá rántí rẹ̀ lánàá, ẹ fi pè mí kí n lè tètè gbọ́. Bó ṣe rí nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ̀yin lẹ pè mí.

Ẹ ní kí ni? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́? Ẹ̀ẹ̀n, afẹ́fẹ́ wo ló mọ oríkì èèyàn?

Ibo ló ti wá? Ẹ̀yìn ni. Mo ní ẹ̀yìn ni! Fìlà rọ́bà bò mí létí, ojú mi wà nínú omi, ibo ni kí n ti mọ̀? Ó dà bíi pé abẹ́ ni. Ẹ má wò mí báyẹn. Ẹ̀yìn ni.

Ẹ ní bí mo bá gbọ́ ọ, kí ló dé tí mi ò dáhùn.

Háà, Bàbá Roheem. Ibi tó ń dùn mí lẹ tẹ̀ yìí.

Ṣé wọn ò kọ́ ẹ̀yin náà nílé yín ni? Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn o, bó bá jẹ́ èèyàn, yóò wá bá ọ níbi tó o wà. Ìyá àgbà ò fi ṣeré. Ó na Wándé lọ́jọ́ kan nítorí pé ó dáhùn láti inú yàrá láìmọ ẹni tó pè é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, òun jẹ́ méjìlá. Lọ́jọ́ tómi gbé e lọ, Ìyá àgbà rán wa lọ rẹ ẹ̀gẹ́ lódò. Wándé ní òun ń lọ ju ìwọ̀ lẹ́yìn igbó ọparun, kí n máa bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ọ̀sán gangan ni. Mo gbọ́ Àwẹ̀ró. Mo gbójú sókè, mi ò rí ẹnì kankan. Ó tún pè mí. Mo ní nínú ara mi pé hẹ̀n-ẹ́n, ṣebí ọ̀sán gangan ni nǹkan wọ̀nyẹn máa ń rìn, mo tẹjú mọ́ ẹ̀gẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, orúkọ náà ò parí, ó gé ní ìdajì. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti sú u, ó ti mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Mo bó ẹ̀gẹ́ náà tán pátá, mo tò ó sínú omi, kí n tó lọ wo ohun tí Wándé rí pa.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ fún gbogbo yín pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mò ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà láràárọ̀, bí ọmọ kan bá pẹ́ kó tó dáhùn, inú mi á dà rú, màá fẹ́ nà án.

Lánàá, ó pè mí lẹ́ẹ̀kínní, mi ò dáhùn. Ẹ rí bí ẹ̀kọ́ ṣe ń pẹ́ lára? Ó pè mí lẹ́ẹ̀kejì, apá mi dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo la ẹnu láti dáhùn, omi kún un. Mo bá ní kí n lọ wò ó, Ọlọ́run ló gbọ́, mo fẹ́ lọ wò ó lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti orí bọ ìsàlẹ̀, aṣọ yìí gbé mi wá sókè. Mo tún ti orí bọ ọ́, ó tún gbé mi. Mo ń bẹ aṣọ, Bàbá! Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo gbá okùn síìpù mú, mò ń fà á kí n lè bọ́ ọ, ibẹ̀ lẹ bá mi. Ó dáa, èmi ni mo kọ́kọ́ fà á ya. Ẹ má bínú. Tiyín kọ́.

Ẹ má búra! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wàláì fún mi, ẹ má fi Ọlọ́run sí i. Bẹ́ ẹ bá búra pé ẹ̀yin kọ́, a jẹ́ pé Wándé ni, a jẹ́ pé ó ṣì ń pè mí, mo sì tún ṣe é báyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni. Kó jẹ́ irọ́, kò burú, ẹ ó tọrọ àforíjì ní Jímọ̀, èmi náà á bá yín tọrọ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ mi orí pé rárá.

Ó dáa. Mo mọ̀ pẹ́ ẹ kì í purọ́, gbogbo Lálùpọn ló mọ̀. Ẹ wá ṣe èyí fún mi, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n yẹn sílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ dúró sẹ́yìn ògiri yín níbi tí mi ò ti ní rí yín, kẹ́ ẹ pè mí. Ẹ má pè mí ní Tíṣà. Àwẹ̀ró ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ pè é bí ẹni tómi ti mù dé ọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Bàbá. Mo fẹ́ dáhùn.