Ọmọ Mi Kò Fìdí Rẹmi, Èmi Ni Mo Purọ́ Mọ́ Ọn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ìgbà tí ọmọ mi àgbà ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ti fẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dà nínú mi. Bí kì í bá ṣe ohun tí ìyàwó mi fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, bóyá ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ kan ọmọ mi kejì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Fèrèsé alumíníọ́mù ni mò ń ṣe, ní Lotto, ní Mowe níbí. Ọmọ Ìwó ni mí. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé ẹnu mi kì í dilẹ̀. Bí mo bá ti dé ibi iṣẹ́, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ pé mo ti dé. Ẹ wá wo èmi aláròyé yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ, mi ò rí i sọ.

Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ní Mofẹ́ àti Tómi. Kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn, ẹ má bínú.

Kí n tó jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n yin ìyàwó mi. Bí mi ò bá yìn ín, ẹ ó rò pé ìkà ni. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Èkó. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń kúrò nílé, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ wọ yúnífọ́ọ̀mù tí kò lọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò kọjá ìwé mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ó kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà náà, iwájú ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tó lókìkí ló sì máa ń gbà kọjá. Á sọ igbá kalẹ̀, á máa wo àwọn ọmọ tó wọ aṣọ funfun balau. Ó ní ibẹ̀ lòun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọmọ tí òun bá bí á wọ aṣọ yẹn. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí á bú u?

Bí ìdánwò àtiwọ ilé ìwé yẹn ṣe di ọba nínú ilé wa nìyẹn. Lẹ́sìnnì láàárọ̀, lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́sìnnì ní Sátidé. Mofẹ́ tó jẹ́ aláwàdà ọmọ, tó máa ń ṣa alumíníọ́mù tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ mi láti fi ṣe ọkọ̀ òfurufú, kò ṣeré mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já irun iwájú orí rẹ̀. Kò jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tún ń tọ̀ sórí ibùsùn. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo ní ó máa tó parí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mo fi ọkọ̀ iṣẹ́ mi gbé e lọ. Ìhà Ifo ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Ìyá rẹ̀ ń gbààwẹ̀ nílé, òun àti àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a ṣe rí géètì lókèèrè ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì títí ó fi ku itọ́ lásán. Pẹ́ńsù rẹ̀ jábọ́. Ó wá ní, “Dádì, ẹ má bínú, mo máa wọlé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nu ẹnu mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ká ní ó sunkún pé òun ò lọ ni, bóyá ǹ bá jágbe mọ́ ọn kó wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ṣàìsàn ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi! Mo yí ọkọ̀ padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò kábàámọ̀ pé mo yí ọkọ̀ padà. Mo gbé e lọ sí Àgbàdo, a lọ wo ọkọ̀ ojú irin. Ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn, ó ní kí wọ́n tún bu ẹ̀wà sí i. Mo bi í pé irú ilé ìwé wo ló fẹ́. Ó rò ó títí, ó ní, “Dádì, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí.” Ojú tì mí, mo ń wo irin tí ọkọ̀ ń gbà.

Ìgbà tí fóònù dún ni ẹ̀ṣẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Mofẹ́, ṣé wọ́n ti wọlé?” Mo ní, “Wọ́n ti wọlé o. Ẹ máa gbàdúrà lọ.” Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Mo wò ó pé bí a bá délé, màá pè é wọ yàrá, màá ṣàlàyé.

Kí a tó délé, mo sọ fún Mofẹ́ pé bí Mọ́mì bá bi í léèrè, kí ó ní ìdánwò náà lọ dáadáa. Ó ní, “Dádì, mi ò ní purọ́ o. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀rọ̀.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni o!

A délé, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì bú sórin. Wọ́n gbé ọmọ náà sókè. Ìyàwó mi ti se ìrẹsì, ó ti din adìẹ, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo bu ìrẹsì, mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń tẹ fóònù lásán, mo mí kanlẹ̀ bí òṣèré orí ìtàgé, mo ní ọmọ kò yege. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pe Mofẹ́, ó ní kí ó sọ ìbéèrè kan péré tí wọ́n bi í, ẹyọ kan, kí òun lè mọ ibi tí ó ti kùnà. Mofẹ́ kò fọhùn. Ó bẹ̀ ẹ́, ó pariwo mọ́ ọn, ó sunkún. Ọmọ náà kàn ń wo ilẹ̀. Ẹni tí kò rí bébà sójú, kí ló fẹ́ rántí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ó ní kì í ṣe ojú lásán, ẹ̀mí ìgbàgbé ló ń bá ọmọ òun jà.

Wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà ìtúsílẹ̀. Mofẹ́ kúnlẹ̀ láàárín àgbà, wọ́n da òróró sí i lórí, wọ́n ń pariwo pé kí ẹ̀mí olódo jáde kúrò lára rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Àmín tèmi ló ròkè jù. Ọmọ náà ṣíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún pa ojú rẹ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ó kù.

Wọ́n ní ibo ni ẹ̀mí náà ti wá. Ìyàwó mi rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní ìdílé mi ni, nítorí ìyá mi ní Ìwó kò kàwé. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ mi kò lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá mi mọ́. Màmá á pè, wọ́n á ní, “Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?” Màá ní, “Rárá o, Màmá, ìwé ló pọ̀ fún wọn.” Irọ́ kan kì í dá gbé, ó ti bímọ sí ilé mi rẹpẹtẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ọmọ tí mo ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí ó rẹ ìyá rẹ̀, ó ní kí n wá ilé ìwé tó bá wù mí fún un. Mo bá sọ fún Mofẹ́ pé òun ni yóò yàn án. Èmi rò pé inú ọ́fíìsì la máa lọ, kí wọ́n fún wa ní ìwé aláràbarà. Mofẹ́ ní rárá, ẹ jẹ́ ká lọ dúró níta nígbà tí wọ́n bá ń jáde.

A dúró síwájú ilé ìwé kan ní Ibafo. Àwọ̀ ara ilé wọn ń tàn, òdòdó ló wà ní géètì. Àwọn ọmọ jáde, wọ́n tẹrí mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mofẹ́ ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” A dé òmíràn, a dé òmíràn. A wá dé ọ̀kan lẹ́yìn Lotto níbí, tí wọn ò tíì kun ògiri ọgbà rẹ̀. Àwọn ọmọ ń jiyàn bọ̀ látinú kíláàsì nípa ìdí tí omi fi ń gbẹ lára aṣọ, tíṣà wọn ń bá wọn jiyàn. Mofẹ́ lọ bá ọmọbìnrin kan, ó kí i, ó bi í pé, “Bí èèyàn ò bá mọ ìdáhùn ní kíláàsì yín, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún un?” Ọmọ náà ní, “Wọ́n á ní kó wá jókòó tì mí, kí n ṣàlàyé fún un.”

Mofẹ́ padà wá, ó ní, “Dádì, ibí ni.” Mo ní ṣé kò fẹ́ rí inú rẹ̀ ni? Ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló kù. A wò ó, ó mọ́. Bí ọmọ mi ṣe yan ilé ìwé nìyẹn, tí kò bì, tí kò já irun. Wọ́n ní kí ó wá ka ìwé díẹ̀ fún àwọn, kí ó ṣírò díẹ̀, òun àti tíṣà sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń wọn fèrèsé láti ìgbà èwe mi, mi ò mọ̀ pé a lè fi ẹ̀rín ọmọ wọn ilé ìwé.

Ẹ wò ó lónìí! Ìmọ̀ físíìsì ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń kó àwọn ọmọ ilé tí a jọ ń gbé jọ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa fi omi àti ike ṣàlàyé fún wọn. Kò pe ẹnikẹ́ni lólódo rí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wò ó, orí mi á wú. Kò dójú tì mí rí, kò fi ọ̀rọ̀ náà halẹ̀ mọ́ mi rí, kò sì fi pòwe mọ́ mi rí. Ó ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ ń yangàn. Ó ní àdúrà ìtúsílẹ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣe é.

Ó kan Tómi wàyí. Ó ti tó ṣe ìdánwò kan náà. Ìyá wọn ti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì, àwọn èékánná ọmọ náà sì ti tán sẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bì kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Ìyàwó mi ní ẹ̀mí náà ti tún dé, òun ò sì ní dúró kí ọmọ yìí fìdí rẹmi kí òun tó gbé ìgbésẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ó fẹ́ kí Mofẹ́ jáde síwájú ìjọ kí ó jẹ́rìí bí wọ́n ṣe lé ẹ̀mí olódo jáde lára rẹ̀. Bí ó bá ti parí, wọ́n á fa Tómi síwájú.

Mofẹ́ wá bá mi níbi iṣẹ́ lẹ́yìn tó gbọ́. Mò ń gé gíláàsì. Ó dúró títí mo fi gé e tán. Ó ní, “Dádì, tèmi ti kọjá, mi ò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé èmi kì í ṣe olódo, torí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Tómi ò mọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí i lórí, ó máa gbà á gbọ́.”

Mo gbé gíláàsì náà kalẹ̀. Ó tún ní, “Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, mo máa sọ fún Mọ́mì pé èmi ni mo sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò, pé ẹ ò mọ̀ sí i. Wọ́n á kàn bá mi jà ni, á sì tán.”

Ẹ̀yin ará, mo jókòó sórí páálí gíláàsì, mo sunkún níwájú ọmọ mi. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Ó ní, “Ó ti tó, Dádì.”

Mo ti pinnu láti sọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n dákẹ́, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún ìyàwó mi nínú yàrá, àwa méjèèjì nìkan? Ṣé kí n ránṣẹ́ sí Màmá ní Ìwó kí wọ́n wá, kí n dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Obìnrin yìí ti fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí irọ́ mi, ó ti sunkún nítorí rẹ̀, ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aya rẹ̀ láìfọ́ ọ lọ́kàn? Bí ó bá sì ní òun ò fẹ́ rí ojú mi mọ́ ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti kó sí irú rẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ọjọ́ Àìkú kò jìnnà mọ́. Ọmọ mi ti ń múra láti gba ẹ̀bi náà fún mi, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣáájú mi débẹ̀.